Iná iwájú kẹ̀kẹ́ ológeere: bẹ́ ẹ ṣe máa mú èyí tó máa fi ọ̀nà hàn yín lóru

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń fi kẹ̀kẹ́ ológeere jáde lálẹ́, ọ̀rọ̀ iná iwájú ni mo fẹ́ bá yín sọ, torí ohun tí mò ń rí lójú ọ̀nà ò dáa rárá. Àwọn kan ò tan iná kankan, àwọn kan fi rọ́bà so tọ́ọ̀ṣì kékeré mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́, àwọn míì sì náwó gidi ra iná ńlá tí wọ́n kọ 10,000 lumen (ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀) sára páálí ẹ̀, ìyẹn á máa gún ẹni tó ń bọ̀ lójú, ẹni tó ni ín fúnra ẹ̀ ò sì rí kòtò tó wà níwájú táyà ẹ̀. Nọ́ńbà tó wà lára páálí yẹn ni gbogbo èèyàn máa ń kọ́kọ́ wò, òun gan-an ló sì yẹ ká wò kẹ́yìn. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ yẹn ń dà sí, àti bó ṣe máa pẹ́ tó kó tó kú, ohun méjì yìí ló ṣe pàtàkì jù. Ẹ jẹ́ ká mú un díẹ̀díẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wo ọ̀nà yín kẹ́ ẹ tó wo ọjà

Iṣẹ́ méjì ni iná iwájú ń ṣe. Èkíní ni pé kí àwọn onímọ́tò, ọlọ́kadà àtàwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn rí yín pé ẹ̀ ń bọ̀. Èkejì ni pé kẹ́yin fúnra yín ríran. Tó bá jẹ́ àárín ìgboro tí iná títì ti ń tàn lẹ ti ń gùn ún, bíi àwọn títì kan ní Ikeja àti Victoria Island, tàbí ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní London àti Manchester, iná títì ti bá yín ṣe iṣẹ́ kejì yẹn, ó ku kí wọ́n ṣáà rí yín, iná kékeré tó ní 100 sí 200 lumen á tó. Àmọ́ tó bá jẹ́ ọ̀nà tó ṣókùnkùn biribiri, bíi kẹ́ ẹ máa ti Ìṣẹ́yìn lọ sí abúlé, tàbí kẹ́ ẹ máa gba àdúgbò kọjá ní Ìkòròdú nígbà tí NEPA ti mú iná lọ, ọ̀rọ̀ yàtọ̀ nìyẹn, iná tó máa fi ilẹ̀ hàn yín lẹ nílò, 300 sí 600 lumen lórí títì ọlọ́dà, tó bá sì jẹ́ ọ̀nà oko tó kún fún gbòǹgbò àti òkúta, ó lè tó 800 sí 1,000.

Ẹ má sì rò pé ẹ lè sáré délé kílẹ̀ tó ṣú. Lọ́dọ̀ wa níbí, láti Èkó dé Ìbàdàn, oòrùn máa ń wọ̀ láàárín nǹkan bí aago 6:30 sí 7:10 ìrọ̀lẹ́ ní gbogbo ọdún, tó bá sì ti wọ̀, kì í tó ìdajì wákàtí tílẹ̀ á fi ṣú, kì í ṣe bíi ti ìlú òyìnbó tí ìrọ̀lẹ́ máa ń fà gbọọrọ nígbà ooru. Ẹni tó kúrò níbi iṣẹ́ láago mẹ́fà, tó bá yà ra nǹkan lọ́jà, inú òkùnkùn ló máa gun kẹ̀kẹ́ délé.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kan. Ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ láìkánjú máa ń rin nǹkan bíi kìlómítà 20 ní wákàtí kan, ìyẹn ju mítà 5 ààbọ̀ lọ díẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kójú tó rí kòtò, kí ọpọlọ tó mọ̀ pé kòtò ni, kọ́wọ́ tó tẹ bíréèkì, bí ìṣẹ́jú àáyá kan ààbọ̀ ti lọ nìyẹn, ẹ sì ti rin mítà 8. Bíréèkì tó dáa lórí ilẹ̀ gbígbẹ á tún gba mítà 4 kí kẹ̀kẹ́ tó dúró, àròpọ̀ ẹ̀ jẹ́ mítà 12. Tí òjò bá rọ̀, tàbí tí rọ́bà bíréèkì ti jẹ, ó lè di 16 tàbí kó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yin ará Ìbàdàn ńkọ́, tẹ́ ẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ láti Òkè Màpó, tí ìsáré kẹ̀kẹ́ bá wọ kìlómítà 30 ní wákàtí, mítà 12 lẹ máa rìn kọ́wọ́ tó kan bíréèkì, gbogbo ẹ̀ lápapọ̀ á sì lé ní 20. Iná tí ò bá fi ohun tó wà ní mítà 20 hàn yín, ẹ ò ní lè dúró kẹ́ ẹ tó débẹ̀. Nọ́ńbà yìí ni kẹ́ ẹ gbé sọ́kàn lọ sọ́jà o, kì í ṣe nọ́ńbà ara páálí.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ mọ ìyàtọ̀ lumen àti lux

Lumen ni àpapọ̀ gbogbo ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde lẹ́nu iná, ì báà dà sílẹ̀, ì báà dà sókè ọ̀run, ì báà dà sójú ẹni tó ń bọ̀. Lux ni ìwọ̀n èyí tó bà lé ojú kan, tí lumen kan bá dà sórí ilẹ̀ tó jẹ́ mítà kan níbùú lóòró, lux kan nìyẹn. Ẹ wò ó bíi omi tánkì, ẹ lè tú gbogbo ẹ̀ sí àgbàlá kó ṣàn lọ, ẹ sì lè fi ọ́ọ̀sì darí ẹ̀ sídìí ẹ̀fọ́ yín nìkan, omi kan náà ni, àmọ́ ẹ̀fọ́ mọ ìyàtọ̀. Ìdí nìyí tí iná tó ní 400 lumen tí wọ́n darí dáadáa fi lè fi ọ̀nà hàn yín ju iná 1,200 tó ń tú káàkiri lọ. Tí wọ́n bá ní kí n mú ọ̀kan nínú méjèèjì, 400 yẹn ni màá mú, mi ò ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ohun kan tún wà tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀, bí iná bá ṣe ń jìnnà ló ń rẹ̀ ẹ́, kì í sì í ṣe díẹ̀díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fi ìlọ́po méjì jìnnà, ìdá kan nínú mẹ́rin ló máa kù. Iná tó fún yín ní lux 40 ní mítà 10, lux 10 péré ló máa dé mítà 20. Torí náà tẹ́ ẹ bá rí lux lára páálí, ẹ wò ó bóyá wọ́n kọ iye mítà tí wọ́n ti wọ̀n ọ́n.

Jámánì lọ̀rọ̀ yìí ti yé wọn jù. Òfin ọkọ̀ wọn tí wọ́n ń pè ní StVZO ò béèrè lumen rárá, ohun tó béèrè ni pé iná iwájú kẹ̀kẹ́ gbọ́dọ̀ tó lux 10 ó kéré tán ní mítà 10 níbi tó ti mọ́lẹ̀ jù, kó má sì gún ẹni tó ń bọ̀ lójú. Àwọn tó dáa nínú ẹ̀ báyìí ń fún èèyàn ní lux 40 sí 100. Iná tó bá yege ìdánwò wọn máa ń ní àmì ìlà tó rí kọ́lọkọ̀lọ, lẹ́tà K àti nọ́ńbà á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Busch & Müller wà nínú àwọn tó ń ṣe irú iná bẹ́ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ní èèyàn lóhùn-ún tó fẹ́ wálé, iná tó ní àmì K yìí ni kẹ́ ẹ ní kó bá yín mú bọ̀, ó dáa ju ọ̀pọ̀ bàtà àti páfúùmù tá a máa ń ní kí wọ́n rà lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ tàn án sógiri kẹ́ ẹ tó sanwó

Ibí yìí ni iṣẹ́ wà o, ẹ fara balẹ̀. Ẹ má ra iná tẹ́ ẹ ò tíì tàn wò. Tẹ́ ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù, ẹ sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ tàn án sógiri wò." Tó bá ní "Kọ́sítọ́mà mi, ojúlówó ni, àwọn èèyàn ń rà á gan-an", ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, kẹ́ ẹ ṣì tàn án. Ẹ wá ibi tó dúdú díẹ̀, inú ṣọ́ọ̀bù lọ́hùn-ún tàbí lábẹ́ àtẹ̀gùn, ẹ dúró sí nǹkan bíi mítà 3 sí ògiri, ẹ di iná náà mú kó dọ́gba bó ṣe máa wà lórí kẹ̀kẹ́.

Tẹ́ ẹ bá rí òbíríkítí kan tó mọ́lẹ̀ láàárín tó sì ń tú lọ sókè sódò, tọ́ọ̀ṣì nìyẹn, kódà kí wọ́n kọ ọ́ sí i pé ti kẹ̀kẹ́ ni. Ìdajì ìmọ́lẹ̀ yẹn máa bá ewé igi àti ojú àwọn èèyàn lọ. Tẹ́ ẹ bá sì rí i pé ìmọ́lẹ̀ náà fẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, tí òkè ẹ̀ gé gbọnrangandan bíi pé wọ́n fi rúlà fà á, tí òkùnkùn sì wà lókè ìlà yẹn, ojúlówó iná kẹ̀kẹ́ lẹ rí yẹn, bí iná mọ́tò náà ṣe rí nìyẹn tí dẹ́rẹ́bà ò bá fi fúùlù sí i. Ẹ tún wò ó bóyá ibi tó mọ́lẹ̀ jù wà lókè, nítòsí ìlà yẹn, torí ìmọ́lẹ̀ tó wà lókè lórí ògiri ló máa bà lé ibi tó jìn lójú ọ̀nà, èyí tó wà nísàlẹ̀ ló máa bà lé iwájú táyà. Tó bá jẹ́ ìsàlẹ̀ ló ti ń tàn jù, iwájú táyà á funfun báláú, ojú yín á mọ́ ọn lára, ẹ ò sì ní rí nǹkan kan ní mítà 20 tá a sọ yẹn.

Iná òbíríkítí náà ní ibi tó wúlò sí o, inú igbó. Níbi tí ẹ̀ka igi ti lè gbá èèyàn lórí, ẹ nílò ìmọ́lẹ̀ lókè náà, kò sì sẹ́ni tó ń bọ̀ tó máa fọ́ lójú. Lórí títì tí ọlọ́kadà àti Maruwa ti ń bọ̀ níwájú yín, kò dáa, torí ọlọ́kadà tí ojú ẹ̀ ti fọ́ ò mọ̀ mọ́ bóyá apá ọ̀tún lẹ wà tàbí apá òsì, ó sì lè forí sọ yín.

Ẹ wo àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ náà pẹ̀lú. Àwọn iná LED kan funfun tó fẹ́ẹ̀ jẹ́ búlúù, àwọn kan pọ́n díẹ̀ bíi oòrùn ìyálẹ̀ta. Wọ́n máa ń fi nọ́ńbà tó ní lẹ́tà K lẹ́yìn kọ ọ́ sára páálí, K yìí yàtọ̀ sí àmì K ti Jámánì, 6,000K sókè ni èyí tó fẹ́ẹ̀ jẹ́ búlúù, 4,000 sí 5,000K ni èyí tó rọ ojú lọ́rùn. Lójú tèmi o, èyí tó rọ ojú yẹn dáa jù lórí ilẹ̀ pupa wa, ó ń jẹ́ kéèyàn dá erùpẹ̀, omi àti ọ̀dà mọ̀ yàtọ̀, àmọ́ kò tó nǹkan téèyàn máa tìtorí ẹ̀ fi iná tó gé dáadáa sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: bátìrì, ibi tí irọ́ pọ̀ sí jù lọ

Ọ̀pọ̀ iná kẹ̀kẹ́ ló ń lo bátìrì róbótó kan tí wọ́n ń pè ní 18650, ó fẹ̀ ní mìlímítà 18, ó sì gùn ní 65. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń tú láptọ́ọ̀pù tàbí fáànù tó ń gba ṣáájì máa mọ̀ ọ́n. Ohun tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ ni pé ọ̀pọ̀ èyí tó dáa nínú bátìrì yìí ò ju nǹkan bíi 3,600 mAh lọ, mAh yìí ni ìwọ̀n iná tí bátìrì lè gbà sínú. Tẹ́ ẹ bá rí èyí tí wọ́n kọ 9,900 mAh sí lára, irọ́ ni, kò sí bó ṣe lè rí bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé e lọ́wọ́ wò náà, ojúlówó máa ń wọn nǹkan bíi gíráàmù 45 sí 50, tó bá fúyẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹ dá a padà fún wọn.

Ìṣirò kékeré kan tún wà tó máa ń tú irọ́ páálí. Bátìrì kan tó jẹ́ 3,000 mAh, iná tó wà nínú ẹ̀ jẹ́ bíi wáàtì 11 fún wákàtí kan. Àwọn LED tá à ń rí lọ́jà, wáàtì kan ń fún wa ní nǹkan bíi 100 lumen. Tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ 1,000 lumen, wáàtì 10 ló máa jẹ, bátìrì kan á gbé e fún bíi wákàtí kan péré. Ẹni tó wá ní iná òun ń fúnni ní 10,000 lumen fún wákàtí 6, bátìrì tó lé ní 50 ló yẹ kó wà nínú ẹ̀, ẹ sì rí i pé gbogbo ẹ̀ ò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Tẹ́ ẹ bá ti fi ojú yìí wo páálí, ẹni kankan ò lè tà yín ní gbàrọgùdù mọ́.

Ẹ ṣọ́ra fún iye wákàtí tí wọ́n kọ pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ iná máa tàn gidi fún ìṣẹ́jú díẹ̀, á wá rẹ ara ẹ̀ sílẹ̀ kó má bàa gbóná jù, wọ́n á sì máa ka wákàtí lọ títí ìmọ́lẹ̀ fi máa ṣẹ́ kù sí ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ẹ dán an wò fúnra yín nílé. Ẹ ṣáájì ẹ̀ kó kún, ẹ tàn án sí ipò tẹ́ ẹ máa ń lò, ẹ fi fáànù sí i torí pé atẹ́gùn máa ń fẹ́ sí i tẹ́ ẹ bá ń gun kẹ̀kẹ́, ẹ wá fi fọ́ọ̀nù ka àsìkò títí ẹ ó fi rí i pé ó ti rẹ̀ ẹ́. Tí ìrìn àjò yín bá jẹ́ ìṣẹ́jú 40 ní àlọ àti 40 ní àbọ̀, iná tó ń lo wákàtí méjì ààbọ̀ ní ipò àárín ló bá yín mu, torí ọjọ́ kan wà tí NEPA ò ní mú iná wá tẹ́ ẹ máa fi ṣáájì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ ṣáájì yìí ló yẹ kẹ́ ẹ fi yan iná, kódà ju ìmọ́lẹ̀ lọ. Ẹ mú èyí tó ń lo USB-C, kó lè bá wáyà fọ́ọ̀nù yín mu. Ẹ bi wọ́n bóyá ó lè máa tàn kó sì máa gba ṣáájì lẹ́ẹ̀kan náà, kẹ́ ẹ lè fi páwá báǹkì sínú báàgì kẹ́ ẹ sì fa wáyà sí i tó bá ṣẹlẹ̀, àwọn kan máa ń kú tẹ́ ẹ bá ti ki wáyà bọ̀ wọ́n. Tẹ́ ẹ bá rí èyí tí bátìrì ẹ̀ ṣeé yọ, ìyẹn ló dáa jù lójú mi, ẹ lè mú ìkejì dání, tó bá sì gbó lẹ́yìn ọdún díẹ̀ bátìrì lẹ máa pààrọ̀, ẹ ò ní ju gbogbo iná nù. Ẹ wò ó bóyá ó ní àmì kékeré tó ń fi ṣáájì tó kù hàn. Iná tó ń kú lójijì láìsọ fúnni, mi ò gbà kí ẹnikẹ́ni rà á.

Dáínámò ńkọ́? Àwọn bàbá wa tó gun Raleigh mọ̀ ọ́n dáadáa, èyí tó rí bí ìgò tó ń fara gbo táyà, tó bá ń ṣiṣẹ́ kẹ̀kẹ́ á wúwo, tí òjò bá rọ̀ á máa yọ̀ lára táyà, téèyàn bá sì dúró iná á kú. Gílóòbù àtijọ́ yẹn, wáàtì 2.4 ni ti iwájú, 0.6 ni tẹ̀yìn. Èyí tó wà lóde báyìí yàtọ̀, àárín ríìmù iwájú ló ń gbé, fólítì 6, wáàtì 3, ó fẹ́ẹ̀ máà ní ìnira kankan lẹ́sẹ̀, tí wọ́n bá sì so LED mọ́ ọn, ó ń tàn dáadáa láìní ṣáájì kankan, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì máa ń tàn fún ìṣẹ́jú mélòó kan tẹ́ ẹ bá dúró ní jọ́ńṣọ̀n. Tẹ́ ẹ bá rí kẹ̀kẹ́ tokunbo tó ti Jámánì tàbí Netherlands wá, ẹ wo àárín ríìmù iwájú, tó bá sanra ju ti ẹ̀yìn lọ tí ẹnu wáyà sì wà lára ẹ̀, dáínámò ni, ẹ má jẹ́ kẹ́ni tó ń tún un ṣe gé wáyà yẹn dànù. Ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ lálaalẹ́, tí iná ìjọba ò sì dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ dáadáa, kò sóhun tó dà bí ẹ̀ fún un.

Ọ̀rọ̀ iná tó lè jó ilé: bátìrì tó bá wú, ẹ má ṣáájì ẹ̀ mọ́. Ẹ má ṣáájì lórí bẹ́ẹ̀dì tàbí lábẹ́ pílò, orí ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì tàbí táìsì ni, lójú yín.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: omi, eruku, àti ohun tó máa di iná mú

Ẹ wá IPX lára páálí, àmì tó ń sọ bí iná náà ṣe lè fara da omi tó ni. IPX4 túmọ̀ sí pé omi tó ta sí i láti ibikíbi ò ní bà á jẹ́, ìyẹn ló kéré jù tí mo lè gbà, pẹ̀lú òjò tiwa yìí. IPX7 lè bọ́ sínú omi tó jìn ní mítà kan fún ìdajì wákàtí. Tó bá jẹ́ IP65, 6 yẹn ń sọ pé eruku ò lè wọ inú ẹ̀, èyí ṣe pàtàkì fún ẹni tó ń gba ọ̀nà eléruku nígbà ọyẹ́. Rọ́bà kékeré tó bo ojú ṣáájì ni omi sábà máa ń gbà wọlé, ẹ fi èékánná ṣí i kẹ́ ẹ sì pa á dé nínú ṣọ́ọ̀bù, tó bá ti ń rọ̀ dẹ̀gbẹ̀rẹ̀, ẹ mú òmíràn.

Ọ̀rọ̀ ọyẹ́ yìí, àwọn kan máa ń gbé iná sórí bíi àwọn ọdẹ. Ó dáa tójú ọjọ́ bá mọ́, ibi tẹ́ ẹ bá yíjú sí ló máa ń tàn sí. Àmọ́ tí eruku ọyẹ́ tàbí kùrukùru bá bolẹ̀, iná tó wà nítòsí ojú máa tàn sára eruku yẹn, á sì padà wá sójú yín, funfun lásán lẹ máa rí. Iná tó wà nísàlẹ̀ lára kẹ̀kẹ́ kì í ṣe tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ wọn ọwọ́ kẹ̀kẹ́ yín kẹ́ ẹ tó jáde nílé. Láàárín ó sábà máa ń jẹ́ mìlímítà 25.4 tàbí 31.8, níbi tá a ti ń dì í mú ó jẹ́ 22.2. Ìdè tó jẹ́ rọ́bà yá láti so, àmọ́ ó máa ń yí tẹ́ ẹ bá bọ́ sí kòtò, ìmọ́lẹ̀ á wá dojú kọ ọ̀run tàbí kó dojú bolẹ̀. Èyí tó ní sikúrúù dáa jù fún ọ̀nà wa. Tẹ́ ẹ bá ní apẹ̀rẹ̀ níwájú, tẹ́ ẹ̀ ń fi ta búrẹ́dì tàbí kó ẹrù, ẹ má so iná sórí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ rárá torí apẹ̀rẹ̀ máa dí i, ẹ wá ìdè tó ń lọ sórí fọ́ọ̀kì, lókè táyà iwájú, welder àdúgbò lè fi irin pẹlẹbẹ kan ṣe é fún yín. Ibi tẹ́ ẹ bá so ó mọ́, ẹ rí i pé ó ṣeé yọ kíá, torí tẹ́ ẹ bá fi í sílẹ̀ lóde ọjà, ẹ ò ní bá a níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ gbé e sí ipò tó yẹ

Iná tó dáa tí wọ́n gbé sódì, asán ni. Bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é nìyí. Lálẹ́, ẹ gbé kẹ̀kẹ́ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kójú iná wà ní mítà 5 sí ògiri. Ẹ wọn gíga iná láti ilẹ̀, ká ní ó jẹ́ mítà kan. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sára ògiri ní ìdajì gíga yẹn, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 50. Kẹ́nì kan jókòó sórí kẹ̀kẹ́, torí ara èèyàn máa ń yí ipò ẹ̀ padà, kẹ́ ẹ wá yí iná náà títí àárín ìmọ́lẹ̀ fi bọ́ sórí àmì yẹn. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, àárín ẹ̀ máa kan ilẹ̀ ní mítà 10, èyí tó wà lókè ẹ̀ á sì máa dé mítà 20 tá à ń wá. Tó bá jẹ́ iná tí òkè ẹ̀ gé, ẹ lè gbé e sókè díẹ̀ sí i, tí ìlà yẹn ò bá ṣáà ti kọjá gíga iná fúnra ẹ̀ lára ògiri.

Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí àbúrò tàbí ọmọ ilé kan máa rìn bọ̀ láti ọ̀ọ́kán, ẹ bi í bóyá ó ń gún un lójú. Ó ṣe pàtàkì kí ẹni tí ò ga púpọ̀ wà nínú àwọn tẹ́ ẹ máa bi, torí ojú ọmọdé sún mọ́ gíga iná ju ti àgbà lọ. Tó bá ti tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ fún sikúrúù yẹn dáadáa, ẹ fi ọ̀dà kun ìlà kékeré kan lára ìdè àti ọwọ́ kẹ̀kẹ́, kẹ́ ẹ lè dá a padà sójú kan náà tó bá yí.

Kí iná máa ṣẹ́jú tàbí kó dúró?

Ìbéèrè yìí pọ̀. Lóru, ẹ jẹ́ kí iná iwájú dúró gbagidi. Iná tó ń ṣẹ́jú ò jẹ́ kẹ́yin rí ilẹ̀ dáadáa, ẹni tó ń bọ̀ náà ò sì ní mọ bẹ́ ẹ ṣe jìnnà sí i tó. Jámánì ò gbà kí iná iwájú tàbí tẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ máa ṣẹ́jú. Ní Britain, wọ́n gbà á láti 2005, tó bá ń ṣẹ́jú láàárín ìgbà 60 sí 240 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń fi kẹ̀kẹ́ gbé oúnjẹ kiri níbẹ̀, ẹ rántí pé òfin wọn béèrè iná funfun níwájú, iná pupa lẹ́yìn, àti ohun pupa tó ń tan ìmọ́lẹ̀ padà lẹ́yìn, láti ìgbà tí oòrùn bá wọ̀ títí tó fi máa yọ. Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ṣe láti October 1985 gbọ́dọ̀ tún ní èyí tó jẹ́ àwọ̀ ọsàn lára pẹ́dà.

Ẹ má ná gbogbo owó sórí iwájú o. Iná pupa tẹ̀yìn ò wọ́n, tírélà tó ń bọ̀ lẹ́yìn yín lórí títì márosẹ̀ ò sì lè rí iná iwájú yín. Ẹ so ó mọ́ abẹ́ ìjókòó, kí báàgì tàbí ẹ̀wù má bò ó.

Tí mọ́tò kan bá tan fúùlù sí yín lójú, ẹ má wò ó. Ẹ rẹ ojú sílẹ̀ síbi etí títì lápá ọ̀tún, ẹ̀yin ará Britain lápá òsì, ẹ dín eré kù títí á fi kọjá, torí ojú máa ń gba àsìkò díẹ̀ kó tó tún bá òkùnkùn mu.

Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì kékeré kan sápò báàgì, kó máa wà níbẹ̀ lójoojúmọ́. Tí iná kẹ̀kẹ́ bá kú lójú ọ̀nà tẹ́ ẹ ò sì rí i tún ṣe, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ máa fọwọ́ ti kẹ̀kẹ́ lọ létí títì lápá tẹ́ ẹ á ti máa rí mọ́tò tó ń bọ̀ níwájú yín, kẹ́ ẹ tan tọ́ọ̀ṣì yẹn sílẹ̀ níwájú ẹsẹ̀ yín, kí iná pupa tẹ̀yìn sì máa tàn lọ.